Ẹ kó ìbéèrè tó ń jẹ yín lọ́kàn wá, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó dáhùn (Ifẹ̀ àti Iléṣà)

Ọmọ Ẹ̀rẹ̀jà:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àṣálẹ́ o. Àríyànjiyàn kan ló ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà wa níbí lọ́jọ́ Àìkú, a fà á títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹnì kan ò gbà fún ẹnì kejì. Ẹnì kan ní ẹyẹ ni àdán, òmíràn ní ẹranko ni, bàbá kan wá sọ pé ẹnu tí àdán fi ń jẹun náà ló fi ń ṣu, gbogbo wa la sì ti ń gbọ́ ìyẹn láti kékeré. Mo ní ẹ̀yin ará Ifẹ̀ lẹ lè bá wa parí ẹ̀ torí pé inú ọgbà yunifásítì yín làwọn àdán yẹn kún sí. Ìkejì, ọmọ mi obìnrin ní wọ́n sọ fún òun pé èèyàn lè fi kíkà mọ bí àrá ṣe jìnnà tó, ṣé òótọ́ ni?

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín, tẹ́ ẹ bá fẹ́ dáhùn ẹ má kàn sọ pé "wọ́n ní wọ́n ní", ẹ sọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, tó bá sì jẹ́ ohun téèyàn lè fojú ara ẹ̀ rí, ẹ júwe béèyàn ṣe máa rí i. Ẹni tó bá ní ìbéèrè tiẹ̀ náà kó gbé e wá. Mo fẹ́ mọ nǹkan gan-an, àwọn ọmọ sì ń bi mí.

Lagere lèmi wà:
Ẹ kú àṣálẹ́ o ẹ̀gbọ́n. Ìmọ̀ ẹranko ni mo kà, ẹ jẹ́ kí n mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àdán kì í ṣe ẹyẹ rárá. Ó ń bímọ ni, kì í yé ẹyin, ó ń fọ́mọ lọ́mú, irun ló sì bò ó lára, kò ní ìyẹ́ kankan. Apá tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn, ọwọ́ ni, ìka ẹ̀ ló gùn gbọọrọ tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wá so wọ́n pọ̀. Ẹ wo fọ́tò ẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí àtàǹpàkò pẹ̀lú èékánná tó yọ síta lókè apá, ẹ ó sì rí egungun ìka mẹ́rin yòókù nínú awọ náà. Èyí tó pọ̀ lọ́gbà OAU ni àdán ajẹ̀so tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Eidolon helvum, tó bá na apá méjèèjì tán ó lè tó sẹ̀ńtímítà 75. Àwọn àdán kéékèèké tó ń jẹ kòkòrò ló ń fi ohùn tí etí wa ò lè gbọ́ wá ọ̀nà lókùnkùn, ti ọgbà wa yìí ojú àti imú ló fi ń wá oúnjẹ, ìdí nìyẹn tí ẹyinjú ẹ̀ fi tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti pé ó ń fẹnu ṣu, mo mọ ibi tọ́rọ̀ yẹn ti wá. Omi inú èso ló ń wá. Ó máa gé èso yẹn, ó máa rún un, ó máa fi ahọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà ẹnu títí omi ẹ̀ á fi tán, á wá tu hàhá ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ lọ sábẹ́ igi tí wọ́n ti ń jẹun láàárọ̀, ẹ máa rí àwọn hàhá yẹn, wọ́n ṣù pọ̀, wọ́n pẹlẹbẹ díẹ̀, nígbà míì ẹ máa rí ojú eyín lára wọn. Àwọn àgbà rí nǹkan tó ń já bọ́ láti ẹnu ẹ̀, wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Ṣùgbọ́n ó ní ihò ìdí tiẹ̀ o. Tó bá fẹ́ tọ̀ tàbí kó fẹ́ yàgbẹ́, ńṣe ló máa yí padà, á fi àtàǹpàkò apá rọ̀ mọ́ ẹ̀ka kórí ẹ̀ lè bọ́ sókè kó má baà da ìdọ̀tí sí ara ẹ̀ lára, tó bá ti ṣe tán á tún dorí kodò.

Ìyá Ìbejì, Sábó:
Ẹ ṣeun gan-an o. Tó bá wá sùn ńkọ́, kí ló dé tí kì í já bọ́?

Lagere lèmi wà:
Ìwúwo ara ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ń fa iṣan ẹsẹ̀ tó ń mú kí èékánná di ẹ̀ka mú, màmá. Kò lo agbára kankan láti fi rọ̀, ìgbà tó bá fẹ́ tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ kó fò ló tó ń lo agbára. Kódà èyí tó bá kú sórí igi lè ṣì máa rọ̀ síbẹ̀.

Àgbẹ̀ Ìfẹ́wàrà:
Gbogbo ẹ̀kọ́ yẹn dáa, àmọ́ àwọn ẹranko yìí ń jẹ máńgòrò àti ìbẹ́pẹ wa ní àjẹrun. Èmi ò rí àǹfààní wọn, ó yẹ kí ìjọba lé wọn ni.

Lagere lèmi wà:
Bàbá, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ó dùn yín, èso tẹ́ ẹ fi òógùn gbìn ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo igi ìrókò. Èso ìrókò wà lára ohun tí àdán yìí fẹ́ràn jù, ó máa gbé hóró ẹ̀ mì, á fò lọ síbòmíràn, á yà á sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ṣèwádìí ẹ̀ ní Gánà rí i pé ó lè gbé hóró èso tó kìlómítà 75 sí ibi tó ti jẹ ẹ́. Àwọn ẹyẹ inú igbó wa kì í sábà gbé hóró jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti gé igbó run, tí ìrókò wá hù láìsí ẹni tó gbìn ín, àwọn àdán yìí wà lára àwọn tó gbìn ín. Tí wọ́n bá lé wọn tán, ọmọ wa máa ra pákó ìrókò láti ilẹ̀ òkèèrè ni.

Kí n má gbàgbé, èyí tẹ́ ẹ bá rí nílẹ̀, ìbáà ṣe òkú tàbí ààyè, ẹ má fọwọ́ lásán kàn án, kẹ́ ẹ sì kìlọ̀ fáwọn ọmọ. Àdán máa ń gbé oríṣiríṣi fáírọ́ọ̀sì kiri tí kì í ṣe òun fúnra ẹ̀ ní nǹkan, tó sì lè ṣe èèyàn ní jàǹbá. Èso tó bá ti gé jẹ, ẹ jù ú nù, ẹ má gé ibẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ jẹ ìyókù.

Tíṣà Físíìsì:
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti àrá. Òótọ́ lọmọ yín sọ. Mànàmáná àti àrá, ìgbà kan náà ni wọ́n ṣẹlẹ̀, ìrìn wọn ni ò dọ́gba. Ìmọ́lẹ̀ ń rin kìlómítà 300,000 láàárín sẹ́kọ́ọ̀ńdì kan, ohùn ò rìn ju bíi mítà 340 lọ. Bẹ́ ẹ bá ti rí i tó kọ mànà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka sẹ́kọ́ọ̀ńdì títí ẹ ó fi gbọ́ àrá, ẹ wá pín iye yẹn sí mẹ́ta, ìyẹn ni iye kìlómítà. Tẹ́ ẹ bá ka mẹ́sàn-án, kìlómítà mẹ́ta ni. Ohun tó ń dún yẹn, atẹ́gùn ni. Ibi tí mànàmáná bá gbà kọjá máa ń gbóná tó bíi 30,000 lórí ìwọ̀n Celsius, ojú oòrùn gan-an ò ju nǹkan bí 5,500 lọ, atẹ́gùn ibẹ̀ á fẹ̀ lójijì, òun ló bú gbàù yẹn.

Tẹ́ ẹ bá wà n'Ífẹ̀ tẹ́ ẹ sì ń rí mànàmáná lọ́nà Iléṣà tẹ́ ò gbọ́ nǹkan kan, kì í ṣe pé àrá ò sán níbẹ̀. Àrá kì í sábà dún kọjá kìlómítà 15 sí 20. Ìyẹn náà ló fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti ń gbọ́ ọ, ó ti sún mọ́ yín tó láti ṣe yín ní jàǹbá, ẹ wọlé. Ẹ má dúró sábẹ́ igi, ẹ má dúró láàárín pápá bọ́ọ̀lù. Inú mọ́tò tí wíńdò ẹ̀ wà ní títì dáa, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló rò pé táyà ló ń dáàbò bò wọ́n, irin ara mọ́tò ni o, òun ló ń gbé iná yẹn gba ẹ̀yìn yín kọjá sílẹ̀. Ọ̀kadà ò ní ààbò kankan.

Ọmọ Olóòṣà:
Ẹdùn àrá ńkọ́? Bàbá bàbá mi ní mẹ́ta, wọ́n ní wọ́n já bọ́ láti òkè ni.

Ẹnuwá ni wọ́n bí mi:
Ẹ tọ́jú wọn dáadáa o, ìṣúra ni wọ́n. Àáké ni wọ́n, àáké òkúta tí àwọn èèyàn tó gbé ilẹ̀ yìí kó tó di pé irin dé fi ọwọ́ ara wọn yọ́ tí wọ́n sì lọ̀ dán. Ẹ fọwọ́ pa ẹnu ẹ̀, ẹ máa rí i pé ó mú níbì kan, ó sì pọ̀n. Òjò ńlá ló ń fọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórí wọn, ó wá jẹ́ pé ẹ̀yìn ọjọ́ tí àrá sán ni wọ́n máa ń rí wọn nílẹ̀. Ọ̀wọ̀ táwọn baba wa fún un tọ́ sí i, ó ti pẹ́ gan-an.

Olóúnjẹ Sábó:
Ẹ gbà mí lórí àlùbọ́sà. Ojoojúmọ́ ni mò ń sunkún.

Lagere lèmi wà:
Tẹ́ ẹ bá gé e, ohun méjì tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ẹ̀ ló máa pàdé tí wọ́n á di gáàsì kan, gáàsì yẹn á fò wọ ojú yín, á pò mọ́ omi ojú, á di ásíìdì díẹ̀ tó ń ta ojú, omijé á wá dà láti fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹ kó o sínú fíríìjì fún bí ìdajì wákàtí kẹ́ ẹ tó gé e, ẹ lo ọ̀bẹ tó mú dáadáa torí ọ̀bẹ tó kú ló ń tẹ̀ ẹ́ fọ́, ẹ sì jókòó síbi tí atẹ́gùn ti ń gbé e lọ síwájú, kó má gbé e bọ̀ lójú yín.

Akẹ́kọ̀ọ́ SS2, Modákẹ́kẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà. Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé àwọn baba wa n'Ífẹ̀ ló ṣe àwọn orí idẹ yẹn, mo wá rí fídíò kan lórí fóònù tí ẹnì kan ń sọ pé àwọn Òyìnbó ló kọ́ wọn, pé aláwọ̀ dúdú ò lè dá a ṣe láyé ìgbà yẹn. Mo fẹ́ fèsì fún un, mi ò mọ ohun tí màá sọ.

Ẹnuwá ni wọ́n bí mi:
Ọmọ mi, jókòó dáadáa kó o kà á, torí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Irọ́ yẹn ti pẹ́. Lọ́dún 1910 ni Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀, ó rí orí idẹ tí wọ́n ń pè ní orí Olókun, ó wò ó, ó ní iṣẹ́ yìí kì í ṣe tàwọn tó ń gbé ibẹ̀, ó ní àwọn ará Atlantis, ìlú tí àwọn Gíríìkì ń pìtàn ẹ̀ pé ó rì sómi, ló ṣe é. Ìlú tí ẹnikẹ́ni ò rí rí ló gbé iṣẹ́ ọwọ́ wa fún. Nígbà tó di 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, bá kàn án lọ́pọ̀, orí lórí orí, gbogbo ayé bá gbọ́. Àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wọ́n wò, bí ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi iṣẹ́ Ifẹ̀ sí. Àwọn ọkọ̀ Pọtogí ò tíì dé etí òkun wa àfi nígbà tó lé díẹ̀ ní 1470. Òyìnbó wo ló wá kọ́ wọn?

Bí wọ́n ṣe ṣe é rèé. Wọ́n á fi amọ̀ mọ inú orí yẹn, wọ́n á fi ìda oyin bò ó, orí ìda yẹn ni wọ́n ti máa ya gbogbo ojú, imú, ètè àti àwọn ilà tó gba ojú wálẹ̀ tín-ín-rín tín-ín-rín yẹn. Wọ́n á wá fi amọ̀ bo ìda náà, wọ́n á dá ihò sí i, wọ́n á yan án níná. Ìda á yọ́ jáde, àyè ẹ̀ á ṣófo, àyè yẹn ni wọ́n máa da idẹ yíyọ́ sí. Tó bá tutù wọ́n á fọ́ amọ̀ ìta dànù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni amọ̀ kọ̀ọ̀kan wúlò, tó bá bàjẹ́, àtìbẹ̀rẹ̀ ni.

Èyí tó wá yẹ kó o fi ṣẹ́nu onífídíò yẹn ni pé, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló jẹ́ àdàlú. Bàbà tí wọ́n bá fi síǹkì tàbí òjé lú máa ń tètè yọ́, ó sì máa ń ṣàn dáadáa. Bàbà lásán, ó di 1,085 lórí ìwọ̀n Celsius kó tó yọ́, tó bá sì yọ́ tán ó máa ń gbé atẹ́gùn mì, tó bá fẹ́ dì, atẹ́gùn yẹn á máa jáde, ihò á wá wà lára iṣẹ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ ń sá fún un títí dòní. Ìbòjú tí wọ́n ń pè ní ti Ọbalùfọ̀n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé látòkè délẹ̀, tó bí ojú èèyàn tó, ó sì tẹ́jú dan. Tó o bá rí àwòrán ẹ̀, wo abẹ́ ojú méjèèjì, wọ́n la ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí i níbẹ̀ kẹ́ni tó bá dé e lè máa ríran, ojú ìbòjú fúnra ẹ̀ wà ní odindi. Ẹni tó ronú dé bẹ́ẹ̀ yẹn, ta ló fẹ́ kọ́ ọ?

Ìlẹ̀kẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ní Igbó Olókun, wọ́n hú ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì jáde, àti ìlẹ̀kẹ̀ lóríṣiríṣi, aláwọ̀ búlúù ló pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń sọ pé gíláàsì òkèèrè ni wọ́n kàn ń tún yọ́. Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babalọlá, ọmọ ilẹ̀ wa, walẹ̀ níbẹ̀, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2017 fi hàn pé èròjà inú gíláàsì Ifẹ̀ ò bá ti Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù mu, àwọn èèyàn Ifẹ̀ ló fi ohun tó wà nítòsí wọn ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Ẹnuwá níbí, kó o fojú ara ẹ rí nǹkan, kó o tó kọ èsì ẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́ SS2, Modákẹ́kẹ́:
Ẹ ṣé gan-an sà. Màá lọ lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi.

Kafíńtà Ìmọ́:
Iléṣà ni èmi wà. Wọ́n já yẹ̀pẹ̀ odò sílẹ̀ fún wa níbi tá a ti ń kọ́lé, nǹkan ń dán nínú ẹ̀, àwọn lébìrà ti ń fi rọ́bà kó o pamọ́. Ṣé góòlù ni? Torí gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé góòlù wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà gidi:
Góòlù wà lóòótọ́ ẹ̀gbọ́n, láyé àwọn Òyìnbó amúnisìn ni wọ́n ti ń wa á lágbègbè Iléṣà, Ìpérindó àti Ìtàgúnmodì. Lọ́dún 2021 ni ibi ìwakùsà ńlá Ṣẹ̀gilọlá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ góòlù jáde. Inú ìlà òkúta funfun tó la àárín àpáta kọjá ló ti ń wà, òjò àti odò á máa jẹ àpáta yẹn ní ọ̀pọ̀ ọdún, á wá kó góòlù sí ìsàlẹ̀ odò.

Àmọ́ ohun tó ń dán tó sì pọ̀ débi tí ojú ń rí i nínú yẹ̀pẹ̀ ìkọ́lé, òkúta kan tó ń dán tí wọ́n ń pè ní mica ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ fi èékánná hó o, tó bá ń ya ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, mica ni. Tó bá le, ẹ gbé e sórí irin kẹ́ ẹ fi òòlù lù ú. Tó bá fọ́ wẹ́wẹ́ kì í ṣe góòlù, òkúta kan wà tó ń jẹ́ pyrite tó ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ, ìwà ẹ̀ nìyẹn. Góòlù ò ní fọ́, ńṣe ló máa tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ tún gbé e sábẹ́ òjìji, góòlù á ṣì yọ̀ ní àwọ̀ ẹ̀, mica á kú. Ìdí táwọn tó ń wa á fi ń lo páànù àti omi ni pé góòlù wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 19, yẹ̀pẹ̀ ò tó ìlọ́po mẹ́ta, tí wọ́n bá ń mì ín, yẹ̀pẹ̀ á bómi lọ, góòlù á jókòó sísàlẹ̀.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ sọ fún àwọn lébìrà yẹn. Èkíní, òfin ìwakùsà ọdún 2007 sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀, ìbáà jẹ́ ilẹ̀ bàbá yín, láìsí ìwé àṣẹ ẹ̀wọ̀n ni. Ìkejì ló ń bà mí nínú jẹ́ jù. Àwọn kan ń fi mákúrì di góòlù pọ̀, wọ́n á wá gbé e ka iná kí mákúrì lè gbẹ. Kò gbẹ lọ síbì kankan, imú ẹni tó dúró tì í ló gbà wọlé, ó ń ba ọpọlọ àti kíndìnrín jẹ́, èyí tó bá dé inú odò á wọnú ẹja. Àwọn odò wa tó mọ́ gaara nígbà tí mo wà lọ́mọdé ti di omi ẹrẹ̀ pupa báyìí nítorí ìwakùsà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni lọ ṣe é.

Ìyá Ìbejì, Sábó:
Ó dùn mí o. Ẹ jọ̀ọ́, àkùkọ mi máa ń kọ ní nǹkan bí aago mẹ́rin, òkùnkùn ṣì kùn, ta ló sọ fún un pé ilẹ̀ fẹ́ mọ́?

Lagere lèmi wà:
Aago wà nínú ara ẹ̀, màmá. Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Nagoya ní Japan kó àkùkọ sínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ò yí padà tọ̀sán tòru, wọ́n ṣì ń kọ nígbà tó kù díẹ̀ kílẹ̀ mọ́. Wọ́n tún rí i lẹ́yìn náà pé èyí tó jẹ́ ọ̀gá láàárín wọn ló ń kọ́kọ́ kọ, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e ní ìpele ìpele. Ẹ fetí sí tàdúgbò yín, ẹ máa mọ ẹni tó jẹ́ àgbà.

Ọmọ Ẹ̀rẹ̀jà:
Ọlọ́run á bù kún yín. Ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ ju bí mo ṣe rò ó lọ, ẹ má dúró.

Àfẹ́sọ́nà:
Ẹ jọ̀ọ́, ó rọrùn fún mi láti béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ò mọ̀ mí. AS lèmi, AS lẹni tí mo fẹ́ fẹ́. Àǹtí ẹ̀ kan sọ fún wa pé mẹ́rin lẹ máa bí, ọ̀kan ló máa jẹ́ SS (sickle cell) nínú ẹ̀, pé ká kúkú bí mẹ́ta ká dúró, kò séwu. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì Ìjọka:
Àbúrò mi, o káre tó o béèrè. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Nínú gbogbo oyún tẹ́ ẹ bá ní, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni ààyè pé ó máa jẹ́ SS, ọ̀kan nínú mẹ́rin pé ó máa jẹ́ AA, méjì nínú mẹ́rin pé ó máa jẹ́ AS, àkọ́bí o, àbíkẹ́yìn o, ààyè yẹn ò yí padà. Ọmọ ayò lúdò kì í rántí ohun tó já sí lẹ́ẹ̀kan, bí oyún náà ṣe rí nìyẹn. Mo ti rí tọkọtaya tí àkọ́bí àti ìkejì wọn jẹ́ SS, mo sì ti rí àwọn tó bí márùn-ún tí ọ̀kan ò jẹ́ ẹ. Tẹ́ ẹ bá bí mẹ́ta bí àǹtí yẹn ṣe wí, ààyè pé ó kéré tán ọ̀kan máa jẹ́ SS jẹ́ bíi 58 nínú 100. Ó ti ju ìdajì lọ.

Kẹ́ ẹ tó ṣe ìpinnu kankan, ẹ tún àyẹ̀wò yẹn ṣe níbòmíràn, ẹ̀yin méjèèjì, torí àṣìṣe máa ń wà nínú èsì, àwọn kan sì ń gbé blood group fún wa pé genotype ni, ọ̀tọ̀ ni O positive, ọ̀tọ̀ ni AS. AC náà wà, AS tó bá fẹ́ AC lè bí SC, òun náà ń ṣàìsàn. Ẹ lọ bá àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba, kẹ́ ẹ jọ lọ, kó má ṣe ìwọ nìkan. Mi ò ní sọ fún ẹ pé kó o fi í sílẹ̀ tàbí kó o fẹ́ ẹ, àmọ́ mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ iye tó ń bẹ níbẹ̀ gan-an.

Tíṣà Físíìsì:
Kí n fi kún un, torí àwọn èèyàn máa ń bi wá pé kí ló dé tó fi pọ̀ nílẹ̀ wa. Ẹni tó jẹ́ AS, ibà kì í tètè pa á lọ́mọdé. Fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún tí ẹ̀fọn fi ń jẹ wá, àwọn AS ló ń yè jù, wọ́n ń bímọ, wọ́n ń gbé e kọjá. Báyìí, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Kì í ṣe ègún ẹnikẹ́ni, kí ẹnikẹ́ni má fi bú ìyàwó.

Àfẹ́sọ́nà:
Ẹ ṣé o, àǹtí. Mo ti kà á fún un lórí fóònù, ó ní a máa jọ lọ.

Ọmọ Ẹ̀rẹ̀jà:
Ìbéèrè tèmi kan tó kù. Jẹnẹrétọ̀. Ìdílé kan lọ sùn ní àdúgbò ìbátan mi, wọn ò jí mọ́. Wọn ò pariwo, wọn ò wúkọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nǹkan kan. Báwo ni èéfín á ṣe pa odindi ilé tí kò ní jí ẹnì kan?

Nọ́ọ̀sì Ìjọka:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á tu wọ́n nínú. Kì í ṣe èéfín dúdú tẹ́ ẹ̀ ń rí yẹn ló ń pani. Gáàsì kan wà nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ carbon monoxide, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta èèyàn ní imú, torí náà kò sí ohun tó máa jẹ́ kẹ́ni tó ń sùn wúkọ́. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, nǹkan pupa kan ló ń gbé atẹ́gùn ọ́síjìn kiri ara. Gáàsì yìí ń lẹ̀ mọ́ nǹkan pupa yẹn ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Tó bá ti gba àyè tán, ẹni náà á ṣì máa mí, àmọ́ ọ́síjìn ò dé ọpọlọ mọ́. Ẹni tó bá jí máa ní orí fífọ́, òòyì, èébì, orúnkún á máa yẹ̀, ọ̀pọ̀ á rò pé ibà ni, wọ́n á tún padà lọ sùn. Tí èèyàn méjì nínú ilé bá ní orí fífọ́ lẹ́ẹ̀kan náà tí jẹnẹrétọ̀ sì wà ní títàn, ẹ má ro ibà, ẹ jáde, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ pa á, kẹ́ ẹ lọ sílé ìwòsàn.

Olóúnjẹ Sábó:
Èyí tó wà ní kọ́rídọ̀ ńkọ́? Tiwa wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì nítorí olè. A máa ń ṣí wíńdò, a sì máa ń tan fáànù.

Tíṣà Físíìsì:
Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ lónìí, ẹ má dúró dọ̀la. Fáànù ò lé gáàsì yẹn lọ, ńṣe ló ń pín in kárí yàrá. Wíńdò tẹ́ ẹ ṣí gan-an lè jẹ́ ibi tó ń gbà wọlé tí jẹnẹrétọ̀ bá wà nítòsí ẹ̀. Ẹ gbé e síta gbangba, ó kéré tán mítà 6 sí ilé, kí ihò èéfín ẹ̀ kọjú sí ibòmíràn, kó má kọjú sí wíńdò yín tàbí ti aládùúgbò. Ẹ ra ṣéènì àti kọ́kọ́rọ́ fún ti olè, ẹ ri irin mọ́lẹ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ńtì kẹ́ ẹ so ó mọ́ ọn. Tí òjò bá ń rọ̀ tí kò síbi tẹ́ ẹ lè gbé e sí níta, ẹ má tàn án lálẹ́ ọjọ́ náà. Àdògán eléèédú náà ń tú gáàsì kan náà jáde, ẹ má gbé e wọ yàrá láti fi yáná nígbà ọyẹ́.

Olóúnjẹ Sábó:
Ọkọ mi ti ń gbé e jáde báyìí. Ẹ ṣeun.